Àrùn Tó Ń Gba Ojú Láì Dun Olójú

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdún wa. Ẹgbẹ́ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá náà lè rí i kà.

  Ẹ̀yin tí ẹ gba òkè Ẹ̀fọ̀n wá, ẹ kú orí ire. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé iyán ti wà nínú odó, n kò sì fẹ́ di ọ̀tá ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Èkìtì lórí ọ̀rọ̀ iyán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ni ẹgbẹ́ ní kí n bá yín sọ, nítorí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Gbólóhùn kan wà tí mo kórìíra: "Ojú àgbà ni." Bí ènìyàn bá ti lé ní ogójì ọdún, tí kò ríran dáadáa mọ́, ohun tí a óò kọ́kọ́ sọ nìyẹn, láti Ìjerò dé Aramọkọ. Ojú àgbà ni, ọjọ́ orí ló dé. A ó sì jókòó. Ojú àgbà wà lóòótọ́ o. Òun ló ń mú kí á na ìwé orin jìnnà sí ojú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni kì í jẹ́ kí àwa obìnrin lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ àfi ká pe ọmọ-ọmọ. Dígí inú ojú ló ń le, tí kò tẹ̀ mọ́ bíi ti ìgbà èwe. Kì í ṣe àrùn rárá, awò ìkàwé ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ohun tó wà nítòsí nìkan ló ń dí wa lọ́wọ́ àtirí. Ẹni tó bá ń rí mọ́tò lókèèrè bí èéfín, tàbí tó ń kọsẹ̀ lára àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ojú àgbà ló ń ṣe é. Nǹkan mìíràn ni. Ó sì yẹ kí á mọ ohun náà, torí pé èyí tí a lè wò sàn bó tilẹ̀ pẹ́ wà, èyí tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá sì wà.

Láàrin 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn tó lé ní 13,000 wò, gbogbo wọn ẹni ogójì ọdún sókè, irú tiwa yìí. Nínú 100, ó lé ní mẹ́rin tó ti fọ́jú. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nínú 100 afọ́jú bẹ́ẹ̀, 84 ni ìfọ́jú wọn jẹ́ èyí tí a ì bá ti dènà, tàbí tí a ṣì lè wò sàn. Cataract ló ṣíwájú, 43 nínú 100. Glaucoma ló tẹ̀lé e, bíi 17. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí jù, nítorí pé wọ́n jọ ara wọn lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú cataract ná. Lẹ́yìn ọmọlójú, dígí kékeré kan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara bí omi òjò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, dígí yìí a máa ṣú díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ẹni tó jẹ ẹ̀kọ tán fọwọ́ sí. Olójú á máa rí gbogbo nǹkan bí ẹni pé ọyẹ́ ń mú. Iná mọ́tò lálẹ́ á máa tàn án lójú kọjá bó ṣe yẹ. Awò tó ṣe lọ́dún tó kọjá kò ní bá a lára mu mọ́. Nígbà tó bá yá, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan funfun láàrin ẹyinjú rẹ̀. Ọjọ́ orí ló ń fà á jù, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà a máa mú un yá, bẹ́ẹ̀ náà ni sìgá mímu, oòrùn, àti ojú tí nǹkan ti gbá rí. Wọ́n tún lè bí i mọ́ ọmọ.

Kò sí oògùn ìkánjú tàbí àgbo tó lè fọ cataract nù. Iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n á yọ dígí tó ti ṣú, wọ́n á fi tuntun sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ fi dígí àtọwọ́dá sínú ojú ènìyàn ni Harold Ridley, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1949. Nígbà ogun Hitler ló ti ṣàkíyèsí pé àwọn awakọ̀ òfuurufú kan ní àfọ́kù fèrèsé bàálù nínú ojú, tí ojú náà kò sì wú, tí kò bínú sí i. Ó ní bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, a lè fi irú nǹkan yìí ṣe dígí ojú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, ẹni tó fọ́jú wọlé láàárọ̀ lè padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé kí á jẹ́ kí cataract "pọ́n" kí á tó ṣe é. Láyé àtijọ́, òótọ́ ni. Ìgbà ti yí padà. Bí kò bá ti jẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́ yín mọ́, ó ti tó ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ìlú pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Wọn kì í yọ nǹkan funfun yẹn jáde o, ńṣe ni wọ́n ń tì í ṣubú sínú ojú lọ́hùn-ún. Aláìsàn á ríran díẹ̀ lọ́jọ́ náà, á yọ̀, á sanwó, ẹni yẹn á sì kúrò nílùú kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí wú. Nínú ìwádìí tí mo sọ yẹn, nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí cataract, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ló kọjá. Bíi 73 nínú 100 irú ojú bẹ́ẹ̀ ló fọ́.

Ó yá, ẹ wá fetí sí ti èkejì.

Omi kan wà tí ojú ń ṣe nínú ara rẹ̀, yàtọ̀ sí omijé. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde kò bá dára, omi á pọ̀ nínú ojú, á máa ti iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ. Ẹ rí iṣan yẹn bí okùn tó ní fọ́nrán tó lé ní mílíọ̀nù kan. Fọ́nrán wọ̀nyí á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń rí ẹ̀gbẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ já. Àwọn mìíràn wà tí omi ojú wọn kò pọ̀ jù nígbà tí a wọ̀n ọ́n, síbẹ̀ fọ́nrán ń já. Glaucoma nìyẹn. Kì í pọ́n lójú, kì í ta, kì í mú ipin wá. Iwájú gbọ̀ngbọ̀n á ṣì mọ́ kedere, ẹ ó máa ka Bíbélì tàbí Kùránì, ẹ ó máa ka owó. Ojú kan á sì máa bo àṣírí èkejì. Irú kan wà tó ń dé lójijì pẹ̀lú ìrora, orí fífọ́ àti èébì, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ láàrin wa tó ti jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá kan fún yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìlú kan ní agbègbè Ìjerò. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń pè é ní agbéraga nílùú. Wọ́n á kí i láti apá òsì, kò ní dáhùn. Ọmọdé á kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, bàbá á kọjá bí ẹni pé òkúta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa, ẹni tí kì í dáhùn ìkíni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dé ààfin. Àwọn àna rẹ̀ tilẹ̀ bá a yan odì. Kò sí ẹni tó rò ó pé kò rí wọn ni. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, torí ó ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ láràárọ̀. Ọjọ́ tí eruku kó sí ojú ọ̀tún rẹ̀, tó fi ọwọ́ bò ó, ló tó rí i pé òkùnkùn ni òsì. Wọ́n ní cataract ni, kó jẹ́ kó pọ́n. Ó dúró fún ọdún kan àtààbọ̀. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, òsì ti lọ, ọ̀tún sì ń ríran bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá ti òsì padà.

Ibi tí mo ń lọ kò tíì dé o. Dókítà ní kó pe àwọn àbúrò rẹ̀ wá, ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n kọ̀. "Àwa ń ríran, kí la fẹ́ wá ṣe?" Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn ló kó wọn wá tipátipá. Nínú àwọn mẹ́rin, méjì ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀ lójú wọn tí wọn kò mọ̀. Wọ́n ń kán oògùn, wọ́n sì ń wa mọ́tò títí di òní. Bàbá yẹn kò rí èrè kankan fún ojú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mẹ́rin ló gbà sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní glaucoma, ewu tiyín tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹlòmíràn, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe pé ayé ń ṣe ìdílé kan. Ohun tí a jogún ni, bí a ṣe ń jogún imú àti ẹsẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń mú jù. Ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 1991 fi hàn pé ó pọ̀ láàrin àwọn dúdú níbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àwọn funfun. Nílé wa níhìn-ín, ìwádìí ti 2005 sí 2007 rí i pé nínú 100 ẹni ogójì ọdún sókè, bíi márùn-ún ló ní in. Ẹ wá gbọ́ èyí: nínú 100 àwọn tó ní in, kò ju bíi mẹ́fà lọ tó mọ̀ pé àwọn ní in. Ọ̀kan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú. Bí a bá pé 100 nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, kí márùn-ún wa ní in kì í ṣe ohun ìyanu.

Yàtọ̀ sí ìdílé àti ọjọ́ orí, ojú tí kì í rí òkèèrè dáadáa láti kékeré, ojú tí bọ́ọ̀lù tàbí ẹ̀ṣẹ́ ti bà rí, wọ́n wà nínú ewu. Èyí tó ń bí mi nínú ni oògùn ojú tí a ń rà ní kẹ́míìsì láì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Irú kan wà tó ń tètè mú ojú pupa rọ̀, tí ojú yún-ún-yún á lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Steroid ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ara páálí, bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, tí kì í ṣe dókítà ojú ló ní kí ẹ lò ó, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá ń kán an fún oṣù mélòó kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa glaucoma, àti cataract mọ́ ọn. Àwọn ìpara tí a fi ń bó ara, ọ̀pọ̀ ló ní steroid yìí kan náà. Ẹ má ṣe fi kan ojú.

Bí ẹ bá lọ yẹ ojú wò, kíka lẹ́tà lára ògiri nìkan kò tó. Ẹ ní kí wọ́n wọn agbára omi inú ojú, kí wọ́n sì fi iná wo ẹ̀yìn ojú níbi tí iṣan wà. Bó bá jẹ́ glaucoma, oògùn kíkán ni, tàbí iná laser, tàbí iṣẹ́ abẹ. Gbogbo rẹ̀ kò dá èyí tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń ṣọ́. Ẹni tó kán an fún oṣù mẹ́ta, tó ní òun kò rí ìyàtọ̀, tó wá pa á tì, kò mọ̀ pé àìsí ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe. N kò ní parọ́ fún yín, owó rẹ̀ kò kéré, títí ayé sì ni. Ṣùgbọ́n mo wo aṣọ ẹgbẹ́ tí gbogbo wa wọ̀ lónìí, mo sì ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ojú pupa ni ẹ máa ń tètè gbé wá, nítorí òun máa ń pariwo. Àpólò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà lè rántí bí orúkọ yẹn ṣe dé: ní 1969 tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ni àrùn ojú yìí bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, àwọn ènìyàn sì ní eruku òṣùpá ni. Kì í ṣe eruku òṣùpá, ọwọ́ tí a kò fọ̀ àti aṣọ ìnura tí a jọ ń lò ló ń gbé e kiri. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni ojú pupa tó ń ro ni gan-an, tí kò fẹ́ rí iná, tí ìran rẹ̀ ń dín kù, tàbí tí ẹ rí àmì funfun lórí dúdú ojú. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wa òkúta ní Ìjerò, tàbí tó ń jó irin, ẹ ra awò ìdáàbòbò fún wọn. Bí èérún òkúta tàbí ewé àgbàdo bá ha ojú, ẹ má ṣe fi ìtọ̀ sí i, ẹ má fi omi ọmú sí i, ẹ má fi oje ewé sí i. Mo mọ̀ pé ìyá wa fi ṣe é fún wa. Kòkòrò inú rẹ̀ ló ń sọ ọgbẹ́ kékeré di ojú funfun. Bó bá jẹ́ ásíìdì bátìrì ló ta sí i, ẹ sáré fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí ẹ tó wá mọ́tò.

Ẹran tó ń hù láti ìhà imú wọ ojú, tí àwọn àgbẹ̀ wa máa ń ní, oòrùn àti eruku ló ń fà á. Bí kò bá tíì dé ọmọlójú, kò sí ìjà.

Ti ọmọ-ọmọ yín ńkọ́? Bí ẹ bá rí ọmọ kékeré tí ààrin ojú rẹ̀ ń dán funfun bíi ti ológbò, tàbí tí fọ́tò fi ojú kan hàn pupa tí èkejì funfun, ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó lè jẹ́ cataract, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú, èyí tó ń pa ọmọ bí a bá fi falẹ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà nílò àsọyé tirẹ̀. Kí n kàn sọ pé ẹni tó ní in gbọdọ̀ yẹ ẹ̀yìn ojú wò lọ́dọọdún, bó ríran bí kò ríran, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ á ti máa jò lẹ́yìn ojú kí olójú tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SC, tí a máa ń sọ pé tiwọn kò le tó ti SS, ẹ̀yìn ojú wọn ló tilẹ̀ ń bàjẹ́ jù.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, wọ́n bi mí ní ìbéèrè. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga wa kí wọ́n tó pín in ṣì wúlò. Mectizan ló ń wí. Eṣinṣin dúdú kékeré kan wà tó ń yé ẹyin sí omi tó ń sáré lórí àpáta, irú èyí tó pọ̀ nílẹ̀ olókè wa yìí. Lọ́sàn-án ló ń jẹ ni, ó sì ń fi aràn sí ènìyàn lára. Ìyá aràn lè lo ọdún mẹ́wàá nínú ara, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń fa ara yíyún, tí wọ́n sì ń fọ́ ojú. Oògùn náà ń pa ọmọ, kì í pa ìyá, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó lọ́dọọdún. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fún ayé ní ọ̀fẹ́. Àwọn méjì tó rí i, William Campbell àti Satoshi Ōmura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò yín, ẹ lò ó, àfi aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Ọ̀gá wa kan, tó kọ́ wa ní ìṣirò, béèrè bóyá awò ọjà lè ba ojú jẹ́. Rárá sà, kò lè bà á jẹ́. Aburú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń rà á lọ́jà kì í dé iwájú ẹni tó máa wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀.

Wọ́n tún béèrè ibi tí a ó lọ. Láti Ìjerò, Ìdó-Èkìtì ló sún mọ́ wa jù, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1998, tó di ti olùkọ́ni ní 2014. Ẹ̀yin ará Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n lè rí i pé Adó yá yín lára jù, kò burú. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, ti ojú àti ti ara. Ẹ mọ orúkọ ẹni tó fọ́jú nínú ìdílé yín, wọ́n á béèrè. Ẹ sì mú ẹnì kan lẹ́yìn, nítorí pé wọ́n lè kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú fún yín, ojú á sì máa ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan. Ẹ má ṣe fúnra yín wa mọ́tò padà gba òkè Ẹ̀fọ̀n.